Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ sí Fi Moodle Mójú Tó Ìkópa Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ilẹ̀ wa ló ti ní ojú òpó ìkẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá láti ìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 ti ti ilẹ̀kùn kíláàsì pa ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ń fi í ṣe kò ju pé kí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì máa gba iṣẹ́ àṣetiléwá láti ibẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí ojú òpó náà ń ṣe fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó wọlé, ohun tó ṣí, iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ àti èyí tó fò, wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó. Ó dùn mí púpọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, nítorí pé olùkọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ igba tàbí ẹgbẹ̀ta nínú kíláàsì kan kò lè mọ ojú gbogbo wọn, àkọsílẹ̀ yìí sì lè jẹ́ kí ó mọ ẹni tó ń fà sẹ́yìn láti ọ̀sẹ̀ kẹta, dípò kí ó mọ̀ nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde, tí ẹ̀pa kò sì ní bóró mọ́.

Moodle, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbé irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo mọ̀ jù, òun náà sì ni ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò lówó púpọ̀ lè tó. Martin Dougiamas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Australia, ẹ̀yà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 2002. Ọ̀fẹ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ní sáfà tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú òpó ró) àti òṣìṣẹ́ tó mọ bí a ṣe ń tò ó lè gbé e kalẹ̀ láìsan owó àṣẹ ìlò fún ẹnikẹ́ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ń lo Google Classroom tàbí Canvas, orúkọ àwọn bọ́tìnnì yóò yàtọ̀, ohun tí wọ́n lè fi hàn yín náà yóò sì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ètò ìrònú tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí wúlò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ fi ìbéèrè ṣáájú

Ohun tó máa ń tètè mú kí iṣẹ́ yìí sú olùkọ́ ni pé kí ó ṣí gbogbo ìjábọ̀ tí Moodle ní lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ó máa wo òǹkà lórí òǹkà láìmọ ohun tó ń wá. Kí ẹ tó wọlé rárá, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ìbéèrè kan péré tí ẹ fẹ́ kí ojú òpó náà máa dáhùn fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tí mo máa ń dábàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé: bí ọ̀sẹ̀ kẹta bá ti parí, àwọn wo ni kò tíì fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀? Lábẹ́ ìbéèrè yẹn, ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe nípa orúkọ tó bá jáde: ta ni yóò kàn sí i, ọ̀nà wo ni yóò gbà, láàárín ọjọ́ mélòó. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan kọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ wá ìbéèrè mìíràn, nítorí òǹkà tí ìgbésẹ̀ kankan kò tẹ̀ lé kò lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a tún mọ ohun tí ẹ̀rọ lè rí àti ohun tó kọjá agbára rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2004, èyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń tọ́ka sí títí di òní, Jennifer Fredricks àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà pín ìkópa akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ti ìṣesí, ìyẹn wíwá sí kíláàsì, ṣíṣe iṣẹ́ àti pípa òfin mọ́. Èkejì ni ti ìmọ̀lára, ìyẹn bóyá akẹ́kọ̀ọ́ nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀kọ́ náà àti bóyá ó gbà pé òun náà jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ìrònú, ìyẹn bí ó ṣe ń sapá tó láti lóye ohun tó le. Ìṣesí nìkan ni Moodle ń rí, kò sì rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ka orí lè sọ iye èèyàn tó wọlé, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni tí ìwàásù wọ̀ lọ́kàn. Ohun tí a óò máa wá nínú àkọsílẹ̀, nígbà náà, ni àmì pé ó yẹ kí a bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè ọ̀rọ̀.

Títo kọ́ọ̀sì

Bí ẹ kò bá fẹ́ fi kọ́ọ̀sì tòótọ́ kọ́ṣẹ́, àwọn tó ni Moodle ti gbé ojú òpó ìdánrawò kan kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n pè ní Mount Orange School, níbi tí ẹ ti lè wọlé gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, kí ẹ sì wo kọ́ọ̀sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àfinúrò kún inú rẹ̀. Ẹ lè tẹ ohun tó bá wù yín níbẹ̀ láìbẹ̀rù pé ẹ óò ba nǹkan kan jẹ́.

Nínú kọ́ọ̀sì tiyín, ẹ lọ sí Settings. Ẹ rí i dájú pé ọjọ́ tí kọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí pé, nítorí àwọn ohun kan tí Moodle ń ṣírò dúró lórí ọjọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Enable completion tracking sí (ìyẹn kí Moodle máa sàmì sí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti parí), kí ẹ fi í sí Yes; bí ẹ kò bá rí i rárá, a jẹ́ pé alábòójútó ojú òpó ni kò tíì ṣí i fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ICT ni ẹ óò gbé e lọ. Nígbà tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ tún béèrè bóyá aago ojú òpó náà wà ní Africa/Lagos, kí gbèdéke tí ẹ fi sí agogo méjìlá òru má lọ di agogo kan òru fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ jù ni èyí tó kàn. Nínú Settings ti iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, yálà iṣẹ́ àṣetiléwá ni, tàbí ìdánwò kékeré, tàbí ìwé kíkà, abala kan wà tó ń jẹ́ Completion conditions, tí a mọ̀ sí Activity completion nínú àwọn ẹ̀yà àtijọ́. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa sọ fún Moodle ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó kà á sí ẹni tó parí iṣẹ́ náà. Ẹ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ sàmì sí i pé òun ti ṣe é. Ẹ lè ní kí Moodle sàmì sí i bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ṣí i. Ẹ sì lè ní kí ó dúró títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí títí yóò fi gba máàkì. Lérò tèmi, èyí tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ló tọ́ kí a gbára lé. Ẹni tó ṣí ìwé ẹ̀kọ́ lè ti pa á dé kí ó tó ka ìlà àkọ́kọ́, ẹni tó sì sàmì fúnra rẹ̀ lè máa sàmì kí ó kàn lè dà bí ẹni pé ó ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ìwé kíkà ni ẹ fẹ́ mójú tó, ẹ gbé ìdánwò kékeré oníbéèrè mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdánwò náà jẹ́ ohun tí Moodle ń kà. Ẹ tún ṣọ́ra kí ẹ má fi àmì sí gbogbo ohun tó wà nínú kọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ kan lọ́sẹ̀ tó, nítorí bí àpótí àmì bá pọ̀ jù, yóò sú ẹ̀yin àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Fún kíláàsì ojúkojú, àfikún kan wà tí a ń pè ní Attendance, tí alábòójútó lè fi kún Moodle lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń jẹ́ kí olùkọ́ kọ ẹni tó wá, ẹni tó pẹ́, ẹni tó tọrọ àyè àti ẹni tí kò wá, ó sì ń ṣírò ìdá ọgọ́rùn-ún fúnra rẹ̀, èyí tó wúlò gan-an ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa níbi tí a ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá sí kíláàsì dé ìwọ̀n 75% kí ó tó jókòó ṣe ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi fóònù ya àmì QR tí ẹ gbé sójú pátákó láti fi hàn pé òun wà níbẹ̀. Bí ẹ bá máa lò ó báyìí, ẹ yan èyí tí àmì náà ti ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, torí bí kò bá yí padà, ẹnì kan yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, àwọn tó wà lórí ibùsùn nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì yóò sì di ẹni tó wá sí kíláàsì.

Kíka ohun tó hàn

Ẹ yan àkókò kan pàtó láàárín ọ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, bí àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó ju ìdajì wákàtí lọ. Ojú ìwé Participants ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ kọ́ọ̀sì náà kẹ́yìn, ẹ sì lè ní kí Moodle fi kìkì àwọn tí kò wọlé láti bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì hàn yín, nípa yíyan Inactive for more than. Lójú ìwé yìí kan náà ni ẹ ti lè yan àwọn orúkọ náà, kí ẹ sì kọ ìwé sí wọn; yóò dé ọ̀dọ̀ oníkálùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rí orúkọ ara wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Reports, kí ẹ ṣí Activity completion. Tábìlì ni, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wà lápá òsì, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní òpó tirẹ̀. Èyí ló ń dáhùn ìbéèrè tí ẹ kọ sórí bébà. Ẹ má kàn máa wo ìlà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nìkan, ẹ wo òpó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ni kò fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́wàá náà ni, bí ó bá jẹ́ ìdajì kíláàsì, ó ṣeé ṣe kí ìbéèrè náà rú wọn lójú, tàbí kí fáìlì tí ẹ gbé síbẹ̀ kọ̀ láti ṣí, ẹ̀yin ni ẹ óò sì tún un ṣe. Fún àpérò orí ojú òpó, Course participation ni ìjábọ̀ tó yẹ, nítorí ó lè ya àwọn tó kàn ń kà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń kọ̀wé. Ní ti Logs, tó ń to gbogbo ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú aago, ẹ fi í sílẹ̀ títí dìgbà tí àríyànjiyàn bá wà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ kò sì rí i.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí: ohun tí àkọsílẹ̀ kò lè sọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa. Ní ìlú tí dátà ti wọ́n, tí iná kì í sì í dúró, ó wọ́pọ̀ kí aṣojú kíláàsì nìkan wọlé, kí ó gba gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ sórí fóònù rẹ̀, kí ó sì pín in fún ọgọ́rùn-ún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Lójú Moodle, ẹnì kan ṣoṣo ló kàwé. Ẹlòmíràn ń yá fóònù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló lè wọlé, ṣùgbọ́n ó ń fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò. Áàpù Moodle fúnra rẹ̀ ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kí ó kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ṣe kì í sì í dé ojú òpó títí yóò fi rí nẹ́tíwọ̀kì. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ gbára lé iṣẹ́ tí a fi sílẹ̀ ju ìgbà tí a wọlé lọ. Ìdí nìyí náà tí olùkọ́ kò fi gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní máàkì nítorí pé ó wọlé nígbà púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tètè mọ̀, yóò sì máa tẹ bọ́tìnnì kiri, òǹkà yín yóò ga, kò sì ní sí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, ẹni tí kò lówó dátà ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Moodle tún ní èyí tó ga ju wọ̀nyí lọ, láti ẹ̀yà 3.4 tó jáde ní ọdún 2017, níbi tí ẹ̀rọ ti ń wo àwọn kọ́ọ̀sì tó ti parí sẹ́yìn kí ó lè sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣeé ṣe kí ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó nílò àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tó ti kọjá, tí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí wọn pé, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa kò tíì ní. Yunifásítì Purdue ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, wọ́n pè é ní Course Signals, ó sì ń fi àwọ̀ ewé, òféèfèé àti pupa hàn akẹ́kọ̀ọ́ bí iná ojú pópó. Wọ́n kéde pé àwọn tó ṣe kọ́ọ̀sì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀ kì í sábà fi yunifásítì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2013 àwọn kan tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ó lè jẹ́ pé ẹni tó pẹ́ ní yunifásítì náà ló ní àǹfààní láti ṣe kọ́ọ̀sì púpọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ètò náà ló mú un dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá wá ta ètò kọ̀ǹpútà olówó ńlá fún ilé-ẹ̀kọ́ yín pẹ̀lú ìlérí pé kò ní sí ẹni tó máa já mọ́.

Nígbà tí orúkọ bá jáde

Ìwé àkọ́kọ́ tí ẹ óò kọ sí akẹ́kọ̀ọ́ ló máa pinnu bóyá yóò dáhùn tàbí yóò sá. Bí ẹ bá kọ ọ́ bí ìwé ìkìlọ̀, ojú yóò tì í, yóò sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó kúrú, kí ó dárúkọ iṣẹ́ náà, kí ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Èyí ni irú rẹ̀: “Mo rí i pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣé àlàáfíà ni? Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ dátà tàbí ti fóònù ló fà á, jẹ́ kí n mọ̀, kí a wá ọ̀nà mìíràn tí o lè gbà fi í sílẹ̀. Ààyè ṣì wà títí di ọjọ́ Ẹtì.” Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí kò dáhùn, ẹ gba ọ̀dọ̀ aṣojú kíláàsì tàbí olùdámọ̀ràn ipele rẹ̀, nítorí ẹni tí kò wọ Moodle lè má rí ìwé tí ẹ fi sínú Moodle. Ẹ sì kọ ohun tó sọ sílẹ̀ ní ṣókí. Àìsàn, iṣẹ́ tó ń ṣe láti rówó ilé-ẹ̀kọ́ san àti àìlóye ẹ̀kọ́ kò ní oògùn kan náà.

Ṣáájú gbogbo èyí, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ sọ fún kíláàsì ohun tí ojú òpó ń kọ sílẹ̀ nípa wọn, ẹni tó lè rí i àti ohun tí ẹ máa fi ṣe. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ pé ìwífún nípa ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu tí a fi ń gbà á, pé a kò gbọdọ̀ gbà ju èyí tí a nílò lọ, pé a kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ ju àkókò tó yẹ. Ó tún fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ má dá nìkan ṣe ìpinnu ńlá lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí òǹkà Attendance bá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan kò dé ìwọ̀n 75%, ènìyàn ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì gbọ́ tẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kí a tó lé e kúrò nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ má ya fọ́tò tábìlì ìjábọ̀ sórí WhatsApp ẹ̀ka, ẹ má sì ka orúkọ àwọn tó fà sẹ́yìn sókè ní kíláàsì.

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ gba tábìlì Activity completion sílẹ̀, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ìdánwò, kí ẹ wo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wo ni ọ̀pọ̀ àwọn tó já kò fi sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i, ẹ pa fáìlì náà rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrin ló yà wọ́n sọ́tọ̀ jù, ẹ fa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sí ọ̀sẹ̀ kejì ní sáà tó ń bọ̀, kí ẹ lè kàn sí àwọn tó bá fò ó kí àkókò tí wọ́n lè yí kọ́ọ̀sì padà tó tán.